Òkúta Tó Mọ Ọ̀nà Ilé

Mo rántí ìgbà tí iṣẹ́ mi láyé kò ju pé kí n wúwo lọ. Mi ò ṣàwàdà. Mo ti kàwé, mo ti di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú kan tó jìnnà sílé, mo sì ti ń wọ ṣòkòtò tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ dáadáa, kí àwọn ìjọba ológun tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín òṣìṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ kan wọ́n pe orúkọ àwa kan níwájú ọ́fíìsì, wọ́n ní kí a máa lọ sílé. Mo di fóòmù tí mo fi ń sùn àti àwọn ìwé mi, mo gba Ore wọ Odigbo. Ní oríta Ore, níbi tí mọ́tò ti já mi sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá èrò gbé ẹrù wò mí títí, ó bi mí bóyá èmi ni mo ń kó ilé ni àbí ilé ló ń kó mi. Mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ilé, ìyá mi wo ẹrù náà, ó wo ojú mi, ó ní, “Ó dáa tí o wá ulé,” ó sì lọ gbé omi kaná.

Ìgbà náà le. Ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn ṣe sùúrù, pé ara yóò dẹ̀ wá láìpẹ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni nǹkan ń wọ́n sí i. Táyà mọ́tò di ohun tí awakọ̀ ń gbé wọ inú yàrá sùn. Àwọn ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà oko wa rọra sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, afárá onígi tí wọ́n ń gbà kọjá sì wó, kò sí ẹni tó tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀, àkókò yẹn gan-an ni kòkó di ohun tí gbogbo ayé ń wá kiri. Àwọn tó ń ra kòkó ń dúró lókè, kòkó wà nísàlẹ̀.

Ẹni tí kò bá dé oko wa rí kò lè mọ ohun tí mo ń pè ní ìsàlẹ̀. Tí ènìyàn bá kúrò ní Odigbo, tó kọrí sí ọ̀nà Araromi-Obu, ilẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ́jú rẹrẹ, lẹ́yìn náà ni yóò kàn já lulẹ̀ lójijì. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ga débi pé gbòǹgbò igi la fi ń ṣe àkàbà. Odò wà nísàlẹ̀ pátápátá. Etí odò yẹn ni oko kòkó wa wà, àti àbà àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n ń bá wa dáko, tí a sì jọ ń pín ohun tó bá so. Àwọn obìnrin ló ń ru kòkó gun òkè náà jù. Ìyá mi rù ú láti ìgbà tó ti wà ní ìyàwó tuntun títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un.

Irin ti wà lára òkè náà kí wọ́n tó bí mi. Àwọn òyìnbó agégẹdú ló tò ó, ojú irin méjì tó fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn láti etí odò dé òkè. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ńlá kan wà lókè tó ń fi wáyà wọ́ igi bọ̀, pé ariwo rẹ̀ ni gbogbo abúlé fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n tún máa ń sọ pé wáyà já lọ́jọ́ kan, gẹdú sáré padà sísàlẹ̀, kò sì wojú ẹni tó wà lọ́nà. Nígbà tí igi ńlá tán nínú igbó, àwọn òyìnbó gbé ẹ́ńjìnnì wọn lọ, wọ́n fi irin sílẹ̀ fún ewéko. Orí rẹ̀ la ti ṣeré dàgbà, a kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó wà fún.

Ẹni tó jí irin náà dìde ni wẹ́dà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ore. Iná kì í dúró, irin ti wọ́n, iṣẹ́ kò wọlé fún un, ló bá ń rìn káàkiri oko bàbá ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ara rẹ̀ púpọ̀. Ó ní òun ti rí i nínú ìwé kan pé láyé àtijọ́, ní àwọn ìlú olókè, wọ́n máa ń so àpótí méjì mọ́ wáyà kan, wọ́n á gbé wáyà náà kọ́ wíìlì lókè. Bí ọ̀kan bá ń lọ sílẹ̀, yóò máa fa èkejì bọ̀ lókè, láìsí ẹ́ńjìnnì. Omi ni wọ́n ń rọ sínú èyí tó wà lókè kí ó lè wúwo ju èkejì lọ. “Àwa ò ní omi lókè,” ló wí fún àwọn àgbà, “ṣùgbọ́n a ní òkúta, ẹ sì ní èmi.” Ó gbé wíìlì ọkọ̀ agbégẹdú kan tó ti kú kọ́ òpó irin, ó fa wáyà ọkọ̀ náà gba orí rẹ̀, ó kan àpótí onígi méjì, ó fi igi líle ṣe bíréèkì, òun fúnra rẹ̀ ló sì dúró tì í. Ní ọjọ́ tí àpò kòkó àkọ́kọ́ gun òkè láìsí orí ènìyàn lábẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin gbé apẹ̀rẹ̀ wọn kalẹ̀. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wò ó. Mo rí ọ̀kan nínú wọn tó ń fi ọwọ́ pa àtàrí ara rẹ̀.

Kò pẹ́ tí a fi rí ohun tí wẹ́dà wa kò rí nínú ìwé rẹ̀. Òkúta tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kì í gòkè padà. Gbogbo òkúta tó wà lókè, títí kan èyí tí àwọn ènìyàn fi ń dáná lẹ́yìnkùlé, ti lọ jókòó sétí odò. Bí a bá sì fẹ́ fi àpótí kó wọn bọ̀, òkúta mìíràn la ó fi fà wọ́n. Ohun tí a wá nílò ni òkúta tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè padà. Ni gbogbo ojú bá yí sí ọ̀dọ̀ mi.

Mo sanra nígbà náà, mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, mo sì ń jẹ oúnjẹ ìyá mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àpótí. Wẹ́dà á dẹ bíréèkì, èmi á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ mi, kí ẹni tó bá rí mi lè mọ̀ pé òkúta lásán kọ́ ni mí. Àpò kòkó kan á máa bọ̀ wá pàdé mi. Ní àárín òkè, a ó fẹ̀gbẹ́ kan fẹ̀gbẹ́ kọjá, àpò á gòkè, èmi á sọ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó fẹsẹ̀ gun òkè padà kí n lè tún lọ wúwo. Kò sí ẹlòmíràn tó gbà láti jókòó nínú rẹ̀ nítorí ìtàn wáyà tó já yẹn. Àwọn ará àbà sọ mí ní Òkúta Tó Mọ Ọ̀nà Ilé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò àti epo pupa ni wọ́n fi ń san oore fún mi, bí mo bá sì rí ẹni tí a jọ kàwé rí, mo máa ń tẹrí mọ́ inú àpótí títí n ó fi kọjá. Mo kórìíra iṣẹ́ náà. Ó dà bíi pé gbogbo ayé ló ń gòkè, pé èmi nìkan ni wọ́n yàn láti máa sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá mi kò bá mi sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tó ń jẹ òun náà lọ́kàn wà nílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fọ́ kòkó, olóko gbọ́dọ̀ jókòó ti òkìtì èso kòkó náà. Òun ni yóò fọ́ èyí àkọ́kọ́, ẹni tí gbogbo àbà bá sì rí nídìí òkìtì ni wọ́n mọ̀ sí olóko. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ìyá mi ló ń jókòó níbẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbin igi ibẹ̀, nígbà tí oyún mi wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún kò jẹ́ kó lè sọ òkè náà mọ́, kò sì lè la ẹsẹ̀ lórí alùpùpù tí àwọn ọkùnrin ń gùn gba ọ̀nà jíjìn. Èmi kò lè jókòó fún un. Níwọ̀n ìgbà tí òun wà láàyè, àgbà ẹbí ló lè ṣe é. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló wá ń lọ jókòó.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tóbi, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jókòó sórí àga kan lọ́dọọdún, ìdí rẹ̀ á mọ àga náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe oko náà ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ìyá mi gbọ́ tó ń sọ fún àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí àwọn bá ti fọ́ kòkó ọdún yẹn tán, òun yóò gé gbogbo kòkó àtijọ́ tó wà létí odò, òun yóò gbin ọ̀pẹ síbẹ̀. Igi tí ìyá mi àti bàbá mi gbìn nìyẹn. Ìyá mi délé, kò jẹun. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ lórí orúnkún méjèèjì, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọmọ aláìgbọràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bi mí bí ó ṣe ń rí nínú àpótí náà. Mo ní ó máa ń mì díẹ̀. Ó bi mí bóyá ìdí máa ń dun ènìyàn. Mo ní rárá. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lọ, èmi náà kò sì ronú kan ohunkóhun. Ẹni tó ń gun nǹkan náà lójoojúmọ́ ni mí, tí mo ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ nínú àpótí aṣọ, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ibi tí mo ń kórìíra láti lọ yẹn ni ìyá mi ń wá ọ̀nà láti dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìfọ́kòkó, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn ìkórè, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó bá mi dé orí òkè. Àwọn tó fẹ́ bá wa fọ́ kòkó ti ń fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níbẹ̀, ó ń dúró de alùpùpù. Nígbà tó rí i pé inú àpótí ni ìyá mi kọjú sí, ó bọ́ síwájú rẹ̀.

“Ìyàwó, èyí kò dáa. Wáyà ti já níbí rí. Àgbàlagbà kì í ṣe ẹrù.”

Ìyá mi kúnlẹ̀ díẹ̀, bí orúnkún rẹ̀ ṣe lè gbà á mọ. “Ọkọ mi, mo gbọ́. Mo ti ru ẹrù gun òkè yìí títí. Ẹ jẹ́ kí òkè náà ru èmi náà wò lónìí.”

“Kò sí wáyà tó máa já níwájú mi,” wẹ́dà wí, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

A gbé e wọ inú àpótí. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó di ẹ̀gbẹ́ àpótí mú. Wẹ́dà dẹ bíréèkì. Àpótí kò mira. Àpò kòkó tó wà nísàlẹ̀ wúwo jù ú lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé mo ti tán tó báyìí?” Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, mi ò rí bí ó ṣe ń joro. Mo fò wọlé sẹ́yìn rẹ̀, àpótí sì gbéra.

Kò bẹ̀rù. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára òkè náà títí a fi dé ìsàlẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka: ibí ni òun ti ṣubú pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, ibí ni òun ti máa ń sinmi, ibí ni bàbá mi ti ń dúró de òun pẹ̀lú omi. Nígbà tí àpò kòkó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kàn án.

Bàbá Ebira tó ń bá wa dáko ti gbé àpótí ìjókòó dúró sẹ́nu àbà. “Ìyá, ẹ káàbọ̀,” ó wí. “Oko ti ń retí yín.” Ìyá mi kò tíì jókòó. Ó kọ́kọ́ wọ abẹ́ igi, ó ń fọwọ́ kan ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì dúró dè é. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó ti òkìtì. Ó gba kùmọ̀, ó fọ́ kòkó àkọ́kọ́, ó mú hóró kan sí ẹnu, ó ń lá a. Gbogbo àbà rí i. Alùpùpù kò dé mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì wà lókè pẹ̀lú wẹ́dà láti àárọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì lọ sílé.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, òjò ṣú. Ìgbà yẹn la wá rí i pé gbogbo àwa tó lè wúwo ti wà nísàlẹ̀, ìyá mi sì wà pẹ̀lú wa. A gbé e sínú àpótí, mo ní kó máa dúró dè mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kí n lè lọ jókòó sínú èkejì. Wẹ́dà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé bí igi bíréèkì bá tutù, kò ní lè di wíìlì mú. Mo ń sáré, mo ń di gbòǹgbò mú, ẹ̀rù ń bà mí. Bí òjò bá ká a mọ́bẹ̀, inú àbà ni yóò sùn, ilẹ̀ òkè náà á sì máa yọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Mo ti dé ìdajì òkè nígbà tí mo gbọ́ igbe wíìlì. Mo gbójú sókè. Àpótí ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló wà nínú rẹ̀. Fìlà rẹ̀ ti wà lápá kan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di igi mú, ó dijú gírígírí, ó sì ń gbàdúrà sókè. Nítorí bó ṣe sanra tó, àpótí ìyá mi ń sáré gòkè ju bí mo ti rí i rí lọ, bíréèkì sì ń han létí wa. Ibi tí mo dúró sí gan-an ni wọ́n ti pàdé.

“Ọkọ mi,” ìyá mi wí, “ẹ lajú.”

Ó lajú. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì kọjá.

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi nísàlẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ fẹsẹ̀ gun òkè náà nínú ẹrẹ̀. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá àánú ló mú un wọ inú àpótí ni àbí ojú wẹ́dà ló tì í, èmi kò sì bi í. Ó ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń mí gúlegúle. Níbì kan ó di apá mi mú, ó ní, “Bó ṣe máa ń rí nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Tòun tẹrù lórí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Kò fi apá mi sílẹ̀ títí a fi dé òkè. Ìyá mi ń dúró lábẹ́ àtíbàbà wẹ́dà. Ó tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi fún un kó nu ojú. Ó nu ojú rẹ̀, ó pẹ́ nídìí rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó ní, “Ìyàwó, mi ò ní fọwọ́ kan àwọn igi yẹn.” Ìyá mi ní òun dúpẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo gbàgbé láti tijú nígbà tí àwọn tí a jọ kàwé rí kọjá lọ́nà.

Lẹ́yìn ìgbà náà, lọ́jọ́ ìfọ́kòkó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló máa ń jókòó nínú àpótí òkè kí ìyá mi lè gòkè wálé, àwa méjèèjì la sì jọ máa ń fẹsẹ̀ padà. Ó mọ ìtàn púpọ̀. Ọ̀nà òkè yẹn ni mo ti mọ irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́ ní kékeré. Nígbà tó yá, wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í ya, wáyà tuntun sì ti di ohun tí apá ẹnikẹ́ni kò ká. Wẹ́dà kó lọ sí Èkó pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Mo padà sí iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n la ọ̀nà mọ́tò gba ibòmíràn tí kò dé etí odò wa, àwọn kan sì hú irin náà tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú. Ìyá mi kú lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ń gbé ní ìlú òyìnbó báyìí. Láìpẹ́ yìí ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi: ọkọ̀ aláwọ̀ pupa kan lórí irin, tó ń gun òkè kan tó ga gan-an. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa á tì, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni, pé ọ̀pọ̀ ìlú ló tún ń jí tiwọn dìde, àwọn ènìyàn sì ń tò láti gùn ún kí wọ́n lè wo ìlú láti òkè. Mo bi í pé ta ló ń jókòó sínú èyí tó ń lọ sílẹ̀. Ó ní iná mọ̀nàmọ́ná ló ń fà á, pé nígbà mìíràn òfìfo ló ń sọ̀ kalẹ̀. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí i pé òótọ́ ni.

Orúnkún ti mú èmi náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń jókòó ti òkìtì kòkó fún mi, ó sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Ó máa ń fi fóònù ya òkìtì náà ránṣẹ́ sí mi kó tó fọ́ èyí àkọ́kọ́. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún mo rò pé nítorí kí wọ́n má baà gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ìyá mi ṣe wọ àpótí lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba oko lọ́wọ́ tèmi. Síbẹ̀, bí mo bá ti pa fóònù, ó máa ń dùn mí pé àwọn igi náà ń tanná, wọ́n ń so, láìsí ojú mi níbẹ̀.

Ọmọ mi ní bí mo bá wá kí òun, òun yóò mú mi gun ọkọ̀ pupa yẹn dé òkè pátápátá. Mo ní ó ṣé. Mi ò sọ fún un pé ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ lọ.